Ṣé oògùn èébì tí mo lò ti ṣe ọmọ inú mi ní nǹkan?

Obìnrin kan kọ̀wé sí mi láti Ṣàgámù, ọmọ ọdún 26, oyún àkọ́kọ́ ẹ̀ nìyí, ó ti wọ ọ̀sẹ̀ 7. Mo gé ọ̀rọ̀ ẹ̀ kúrú díẹ̀:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń bì, ó ń tó ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́, kódà òórùn alùbọ́sà tí wọ́n ń dín nílé kejì ń mú mi bì. Kẹ́míìsì àdúgbò wa fún mi ní Avomine, mo lò ó fún alẹ́ mẹ́rin, ó ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù wá fún mi ní ondansetron 4 mg, mo ti lo mẹ́ta. Ìyá ọkọ mi rí páálí ẹ̀, wọ́n ní irú oògùn yìí ló ń jẹ́ káwọn èèyàn bí ọmọ tí ò lápá, wọ́n sì kó gbogbo ẹ̀ dànù. Láti ìjẹta mi ò lo nǹkan kan mọ́, omi dídì àti ẹfun nìkan ló ń dúró nínú mi. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo ti ba ọmọ mi jẹ́? Ṣé kí n kàn máa fara dà á báyìí ni?"

Àbúrò mi, rárá o. O ò ba ọmọ ẹ jẹ́. Avomine tó o lò yẹn wà lára oògùn èébì tó ti pẹ́ jù lọ́wọ́ àwọn aboyún, ọ̀rọ̀ ondansetron ló ní àlàyé díẹ̀, màá sì ṣe àlàyé ẹ̀ fún ẹ láìfi nǹkan kan pa mọ́, ṣùgbọ́n òun náà kì í ṣe ohun tó yẹ kó gba oorun lójú ẹ. Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ ẹ ni ọjọ́ méjì tó o ti fi ń mu omi dídì tó o sì ń jẹ ẹfun lé e lórí.

Torí náà kó o tó ka ìyókù, dá mi lóhùn nínú ọkàn ẹ: ìgbà wo lo tọ̀ kẹ́yìn? Báwo ni àwọ̀ ìtọ̀ náà ṣe rí? Tó bá ti tó wákàtí mẹ́jọ tó ò tíì tọ̀, tàbí tí ìtọ̀ ẹ pọ́n bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí, tí òyì ń kọ́ ẹ tó o bá dìde dúró, tó bá ti pé wákàtí 24 tí ohunkóhun ò dúró nínú ẹ, tàbí tó o rí ẹ̀jẹ̀ nínú èébì, gbé fóònù yìí sílẹ̀ kó o pe ọkọ ẹ kó gbé ẹ lọ sọ́sibítù. Kì í ṣe lọ́la, òní ni. Bákan náà ni tí ibà bá wà lára ẹ, tí inú ń dùn ẹ́ gan-an, tàbí tí ojú ẹ pọ́n bí ti ẹni tó ní ibà pọ́njú, torí èébì oyún lásán kì í mú ara gbóná, kì í sì í sọ ojú di pípọ́n, nǹkan míì ti wà níbẹ̀ nìyẹn.

Mo ti fi ọdún 19 ṣe iṣẹ́ fámásì, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ni mo fi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí wọ́n ti ń rí àwọn aboyún, mo sì lè sọ fún ẹ pé àwọn tí mo rí tí wọ́n gbé wọlé, tí ètè wọn gbẹ tó ń bó, tí wọn ò lè dá rìn, àwọn tó sá fún oògùn ló pọ̀ nínú wọn. Wọ́n ń fara dà á torí ọmọ. Ìfẹ́ ọmọ yẹn náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n.

Mi ò ní bá ìyá ọkọ ẹ jà o. Ohun tí wọ́n sọ yẹn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, wọn ò hùmọ̀ ẹ̀. Thalidomide ni orúkọ oògùn náà. Ilé-iṣẹ́ kan ní Jámánì, Grünenthal, ló gbé e sọ́jà ní 1957, Contergan ni wọ́n pè é lọ́hùn-ún, oògùn oorun ni, wọ́n ní kò lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan, ẹnikẹ́ni lè rà á láìmú ìwé dókítà dání, nígbà tó wá yá àwọn aboyún rí i pé ó ń dá inú rírú dúró, bí wọ́n ṣe kó sínú ẹ̀ nìyẹn. Ọmọ tó lé ní 10,000 ló ti ara ẹ̀ wá sáyé pẹ̀lú àbùkù, ẹlòmíì ò ní apá, ẹlòmíì ọwọ́ ẹ̀ hù jáde tààrà láti èjìká, ọ̀pọ̀ ò sì pẹ́ láyé. Oṣù kọkànlá 1961 ni wọ́n tó kó o nílẹ̀ ní Jámánì lẹ́yìn tí dókítà ọmọdé kan, Widukind Lenz, pariwo síta. Amẹ́ríkà ò fi bẹ́ẹ̀ fara gbá a nínú ẹ̀ torí obìnrin kan, Frances Kelsey, tó wà ní FDA, ìyẹn àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́nu kó fọwọ́ sí i, ó ní ẹ̀rí tí wọ́n mú wá ò tó òun. Ọ̀pọ̀ nínú ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún oògùn lónìí kí aboyún tó lè lò ó, ara ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ló ti wá. Nítorí náà ẹ̀rù tó ń ba ìyá yẹn, ẹ̀rù tó ní ìdí ni. Ibi tí wọ́n ti ṣì í ni pé thalidomide ò bá èyí tó o lò tan rárá, bí ẹní rí ejò tó wá ń sá fún okùn ni.

Ìtàn kejì wà tí àwọn èèyàn ò kì í sọ, òun gan-an ni mo fẹ́ kó o sọ fún wọn. Láti 1956 ni àwọn aboyún Amẹ́ríkà ti ń lo oògùn èébì kan tó ń jẹ́ Bendectin. Doxylamine, ìyẹn oògùn kan tó bá Piriton tan, àti vitamin B6 ló wà nínú ẹ̀. Obìnrin tó lò ó lé ní mílíọ̀nù 30. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ thalidomide, ojú gbogbo èèyàn là, ẹni tó bá ti bí ọmọ tó ní àbùkù tó sì ti lo Bendectin á gbé ilé-iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù, ẹjọ́ pọ̀ débi pé ní 1983 wọ́n kúkú dá a dúró, wọn ò ṣe é mọ́, owó ẹjọ́ ti ń pọ̀ ju èrè lọ. Ó yẹ kí àbùkù ọmọ wá dín kù ní Amẹ́ríkà nígbà náà, àbí? Kò dín kù rárá. Bó ṣe wà náà ló wà. Nǹkan kan ṣoṣo tó yí padà ni pé iye aboyún tí wọ́n ń dá dúró sọ́sibítù nítorí èébì lọ sókè. FDA fúnra wọn jáde wá sọ nígbà tó yá pé kì í ṣe torí pé ó léwu ni wọ́n ṣe gbé e kúrò. Ní 2013 wọ́n tún fọwọ́ sí oògùn kan náà lábẹ́ orúkọ Diclegis, Ìlú Ọba gba tiwọn wọlé ní 2018, Xonvea ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Fún 30 ọdún gbáko, àwọn obìnrin Amẹ́ríkà ń bì lásán nítorí ẹ̀rù.

Ká wá bọ́ sórí tìẹ.

Avomine, orúkọ ilé-iṣẹ́ nìyẹn, promethazine ló wà nínú ẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti Phenergan. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí aboyún ti ń lò ó káàkiri ayé, wọn ò rí i kó bá ẹ̀yà ara ọmọ jà. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú aboyún ní Ìlú Ọba ṣe àtúnṣe ìlànà wọn ní 2024, promethazine, cyclizine àti doxylamine pẹ̀lú B6 wà lára èyí tí wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ lò, wọn ò ní ká ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró dìgbà tó bá burú. Ohun tí promethazine máa ń ṣe ni pé ó ń kun èèyàn lóorun, ẹnu á gbẹ, nítorí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ràn kí wọ́n máa lò ó lálẹ́, kó o má sì lò ó tán kó o gun ọ̀kadà tàbí kó o gbé ìkòkò gbígbóná. Meclizine tí wọ́n pò mọ́ B6, tó pọ̀ ní fámásì wa, ẹbí kan náà ni, òun náà dáa. Vitamin B6 nìkan náà ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí tiẹ̀ ò le, 10 mg sí 25 mg lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ṣùgbọ́n má ṣe rò pé torí pé vitamin ni, o lè máa da á sẹ́nu bí ẹ̀pà, tó bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́ ó máa ń ba iṣan ara jẹ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa jẹni bí èèrà.

Ondansetron. Mo ní màá ṣàlàyé ẹ̀. Oògùn tó lágbára ni, àwọn tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ni wọ́n ṣe é fún ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 2018 àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ oyún tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 2 wò, 88,000 ó lé nínú àwọn ìyá yẹn ló lo ondansetron ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ti ọkàn ọmọ, wọn ò rí nǹkan kan. Ti ètè àti àjà ẹnu ni wọ́n ti rí ìyàtọ̀ kékeré: nínú 10,000 ọmọ tí ìyá wọn ò lò ó, bíi 11 ni ètè tàbí àjà ẹnu wọn là, nínú 10,000 tí ìyá wọn lò ó, bíi 14. Mẹ́ta ló fi lé. Wá fi ojú inú wò ó, ká kó 10,000 ọmọ sínú pápá ìṣeré ńlá kan, mẹ́ta péré ni oògùn yìí fi kún un, iṣẹ́ abẹ sì wà fún ètè tó là. Tó ò bá tiẹ̀ lo oògùn kankan láyé ẹ, nínú ọmọ 100 tí wọ́n ń bí, bíi 3 ló máa ń ní àbùkù kan tàbí òmíì tí ẹnikẹ́ni ò fà.

Nítorí 3 nínú 10,000 yẹn ni àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Yúróòpù ṣe sọ ní 2019 pé kí wọ́n má lò ó ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Àwọn dókítà Ìlú Ọba ní tiwọn sọ pé tí oògùn àkọ́kọ́ ò bá ṣiṣẹ́, ẹ lè lò ó, ẹ ṣáà jókòó sọ fún obìnrin náà kó mọ̀ kó sì fúnra ẹ̀ yàn. Èmi ti àwọn dókítà yẹn ni mo fara mọ́. Mẹ́ta tó o lò ti kọjá, má gbé e sọ́kàn. Ohun tí mo máa sọ ni pé kó o má padà sí i fúnra ẹ, ó yẹ kí ẹlòmíì wò ẹ́ kí wọ́n tó fún ẹ, torí ó máa ń mú ìgbẹ́ le koko, àti pé ẹni tó ti bì títí tí iyọ̀ ara ẹ̀ ti lọ sílẹ̀, oògùn yìí lè da lílù ọkàn ẹ̀ rú, pàápàá tó bá ń lo oògùn ibà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, torí àwọn oògùn ibà kan náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀kan tí wọ́n máa fún ẹ tó o bá dé ọsibítù, kó o má bàa bẹ̀rù: metoclopramide, ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí Plasil. Fún ọmọ inú, kò séwu, wọ́n ti yẹ ẹ̀ wò ní Denmark lára aboyún tó lé ní 28,000, wọn ò rí kó fa àbùkù tàbí kó mú oyún bọ́. Ìyá ni nǹkan lè ṣe. Mi ò lè gbàgbé ọmọbìnrin kan, kò ju ọdún 20 lọ, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ẹ̀ ní ibì kan kí wọ́n tó gbé e wá sọ́dọ̀ wa, ọrùn ẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kò lè dá a padà, ojú ẹ̀ yí sókè tó jẹ́ pé funfun nìkan là ń rí, ahọ́n ń yọ, ìyá ẹ̀ ń ké pe Jésù, ẹnìkan ti ń da òróró sí i lórí, wọ́n ní ayé ló gbé e dé. Kì í ṣe ayé o. Oògùn yẹn ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fáwọn tó bá kéré lọ́jọ́ orí, pàápàá obìnrin. Dókítà gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń tú u, kò tó ogún ìṣẹ́jú, ọrùn ti padà, ó sì béèrè omi. Nítorí ẹ̀ ni wọn ò ṣe kì í fún èèyàn ju ọjọ́ márùn-ún lọ, 10 mg, kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Tí wọ́n bá fún ẹ tí ọrùn tàbí ojú ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fà, pariwo kíá, kó o sì rántí orúkọ ẹ̀ títí ayé kí wọ́n má fún ẹ mọ́.

Abẹ́rẹ́ Phenergan náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá gún ẹ nílé. Inú ẹran ara ló yẹ kó wọ̀, tó bá lọ ṣèèṣì bọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ níbi tí kò yẹ, ó lè jó ọwọ́ débi tí wọ́n á fi gé ìka. Táblẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ò ní ìyọnu yìí.

Dírípù ńkọ́? Mo mọ̀ pé àdúgbò yín ò ní ṣàìní ẹnìkan tó máa ń wá fa dírípù síni lọ́rùn ọwọ́ nílé, ó máa gbé èyí tó ní ṣúgà wá, wọ́n á ní ó máa fún ẹ lágbára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa torí ẹ̀mí wà níbẹ̀. Ẹni tó ti bì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ò jẹun, vitamin B1 ti tán lára ẹ̀. Tí wọ́n bá da ṣúgà lé e lórí láìkọ́kọ́ fún un ní B1, ìwọ̀nba tó kù ni ṣúgà yẹn máa jẹ tán, ọpọlọ ló sì máa fara gbá a: èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ojú á máa rí nǹkan méjì-méjì, ọ̀rọ̀ ò ní já gaara mọ́, òmíì kì í sì í padà bọ̀ sípò. Omi iyọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ wọlé, kí B1, thiamine ni wọ́n ń pè é, sì ṣíwájú ṣúgà. Béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì: "Ṣé ẹ ti fún mi ní thiamine?" Kò sí ẹni tó máa bú ẹ. Tó bá tiẹ̀ bú ẹ náà, béèrè.

Ó yà mí lẹ́nu bí mo ṣe rí i tó o kọ ẹfun sílẹ̀ bíi pé òun ni kò léwu nínú gbogbo ẹ̀. Ẹfun yẹn, calabash chalk làwọn èèyàn wa ń rà á ní Lọ́ńdọ̀nù, nzu làwọn Ìgbò ń pè é, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ ní Ìlú Ọba ti kìlọ̀ fún àwọn aboyún pé kí wọ́n yé jẹ ẹ́ torí wọ́n bá òjé nínú ẹ̀, òjé tí wọ́n ń fi ṣe bátìrì mọ́tò yẹn, ó sì pọ̀. Òjé máa ń ti ara ìyá bọ́ sára ọmọ, ọpọlọ ọmọ ló ń lọ bá. Mo mọ̀ pé ó ń tù ẹ́ nínú, ó ń fa itọ́ gbẹ, ó sì ní òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí tí aboyún ń fẹ́, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó o kó sẹ́nu láti ìgbà tó o ti lóyún, òun nìkan ni mo fẹ́ kí ìyá ọkọ ẹ kó dànù. Má wulẹ̀ jáyà lórí èyí tó o ti jẹ, ọjọ́ méjì ni, ṣáà dúró níbẹ̀.

Àgbo tí wọ́n fi ọtí ṣe náà, kò sí fún ẹ. Tí ẹnikẹ́ni bá ní inú tó ń ta ẹ́ yẹn ọgbẹ́ inú ni, tó fẹ́ fún ẹ ní Cytotec, misoprostol nìyẹn, kọ̀ ọ́. Oògùn ọgbẹ́ inú ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń mú oyún bọ́, àwọn dókítà Brazil sì ti rí ọmọ tí ojú wọn ò lè mira, tí ẹsẹ̀ wọn wọ́, torí pé ìyá wọn lo oògùn yìí tí oyún ò sì bọ́. Èyí gan-an ló yẹ ká máa pariwo lé lórí, Avomine kọ́.

Ọ̀rọ̀ ibà tún nìyí. Lọ́dọ̀ wa, tí obìnrin bá ti ń bì tó ń rẹ̀ ẹ́, ibà ni, wọ́n á lọ ra oògùn ibà. Ṣe ìdánwò ẹ̀jẹ̀ kó o tó gbé nǹkan kan mì. Tí ibà bá wà lóòótọ́, tọ́jú ẹ̀, ibà ń pa oyún, láti ìparí 2022 ni WHO sì ti ní artemether-lumefantrine dáa fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ pàápàá. Fansidar kọ́ ni wàá lò o, ìyẹn di oṣù kẹrin kí wọ́n tó máa fún ẹ ní clinic.

O lè máa bi ara ẹ pé kí ló dé tó fi jẹ́ ìwọ. Ìyàwó ilé kejì lóyún kò bì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ti gbọ́ kí wọ́n sọ fún obìnrin tó ń bì pé ìkẹ́ra ni, pé ó fẹ́ kí ọkọ òun máa kẹ́ òun, pé ọkàn ẹ̀ ò gba oyún náà. Ó máa ń dùn mí dé egungun. Ní ìparí 2023 àwọn onímọ̀ kan, Marlena Fejzo ní Amẹ́ríkà àti Stephen O'Rahilly ní Cambridge wà lára wọn, fi hàn pé hormone kan, ìyẹn èròjà tí ara ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀, tó ń jẹ́ GDF15 ló ń fà á jù lọ. Ọmọ inú àti ibi ọmọ ló ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Obìnrin tí hormone yìí ti pọ̀ lára ẹ̀ kó tó lóyún, ara ẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lára, èyí tó kéré lára ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí oyún wá dà á lé e lórí lójijì, ara ẹ̀ ò ní gbà á, á máa bì. Fejzo fúnra ẹ̀, ní 1999, èébì mú un débi pé oyún ẹ̀ bọ́, dókítà ẹ̀ ò sì gbà pé ìyà ń jẹ ẹ́. Torí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ìkẹ́ra gún ẹ lọ́kàn. Ẹ̀jẹ̀ ni.

Ó máa ń le jù ní bí ọ̀sẹ̀ 9, á wá máa fà sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń bọ́ nínú ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 16 sí 20. Kí wọ́n ṣe skáànù fún ẹ ní ọsibítù yẹn, torí nígbà míì ìbejì ló ń fà á, nígbà míì sì rèé oyún náà ni kò dàgbà bó ṣe yẹ, ó yẹ kí wọ́n mọ̀.

Kó o tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, jẹ Cabin biscuit ẹyọ kan tàbí méjì ní ìdùbúlẹ̀, dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Oúnjẹ tútù ni kó o máa jẹ, torí òórùn oúnjẹ gbígbóná ló ń ṣe ẹ́, ògì tó ti tutù, ẹ̀kọ, bàrà tí wọ́n gbé sí fíríìjì, díẹ̀-díẹ̀, ní wákàtí méjì-méjì, má jẹ́ kí inú ẹ ṣófo torí inú òfìfo gan-an ló ń rú jù. Omi, ìwọ̀n ṣíbí kan, síbí kan, má gbé ife gbé e mì lẹ́ẹ̀kan. ORS tó wà ní sáṣẹ́ẹ̀tì, po ó, gbé e sí fíríìjì kó dì, máa lá a. Atalẹ̀ ń ṣiṣẹ́ fún èyí tí ò bá le, bù ú kékeré sínú omi gbígbóná, jẹ́ kó tutù. Tí itọ́ bá ń dà lẹ́nu ẹ, má tijú, wá ife tó ní ìdérí, fi tíṣù sí ìsàlẹ̀ ẹ̀ kí ojú ẹ má bàa rí i, máa tu ú síbẹ̀, gbígbé e mì ló ń mú ẹlòmíì bì. Tí wọ́n bá ti fún ẹ ní táblẹ́ẹ̀tì ẹ̀jẹ̀ pupa yẹn, sọ fún wọn pé o fẹ́ dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ ná, ayọ́nnù ń rú inú, ṣùgbọ́n folic acid, má fi sílẹ̀, kékeré ni, gbé e mì nígbà tí inú ẹ bá rọlẹ̀ jù lóòjọ́.

Ìyá ọkọ ẹ, bá wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Má sọ fún wọn pé wọn ò mọ nǹkan kan, torí wọ́n mọ nǹkan kan. Sọ pé "Mà, oògùn tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, òótọ́ ni, láti 1961 ni wọ́n ti gbé e kúrò lọ́wọ́ aboyún, èyí kì í ṣe òun." Kó o sì ní kí wọ́n bá ẹ lọ sọ́sibítù. Mo ti rí i tó ṣiṣẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá tó ń da oògùn nù nílé, tó bá jókòó síwájú dókítà tí wọ́n sì fọ̀wọ̀ wọ̀ ọ́, òun náà ló máa ń jí ìyàwó láago mẹ́wàá alẹ́ kó wá lo oògùn.

Bí ẹ ṣe ń lọ, mú páálí oògùn tó kù dání, tí wọ́n bá ti kó gbogbo ẹ̀ lọ sí ààtàn, kọ orúkọ wọn sórí ìwé: promethazine, alẹ́ mẹ́rin, ondansetron 4 mg, mẹ́ta, àti ọjọ́ tó o lò wọ́n. Kọ ọjọ́ tó o rí nǹkan oṣù ẹ kẹ́yìn. Ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ ẹ wò fún ketone, ìyẹn ló máa sọ fún wọn bóyá ara ẹ ti ń jẹ ọ̀rá ara ẹ̀ nítorí ebi. Ní kí wọ́n gbé ẹ sórí ìwọ̀n, kó o sì sọ iye tó o wọ̀n kó o tó lóyún, torí tó o bá ti sọ 5 nínú 100 ìwúwo ẹ nù, wọn ò ní kàn fún ẹ ní táblẹ́ẹ̀tì kí wọ́n ní kó o máa lọ, wọ́n á dá ẹ dúró.

Tó o bá sì tọ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, wo àwọ̀ ẹ̀ dáadáa kó o tó da omi sí i.